Iwájú Ọkọ̀ Ni Dírẹ́bà Ń Jókòó

Onítakisí náà kò pẹ́ dé, a kò lè fi ìyẹn bá a jà. Ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì ń fi àkísà nu gíláàsì iwájú bí ẹni tó fẹ́ lọ gbé ìyàwó. Ìgbà tó gbójú sókè tó rí Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń ti ọkọ rẹ̀ bọ̀ lórí àga onítáyà, ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi lára gíláàsì. Ó ní wọn kò sọ fún òun pé ẹrù wà. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kò sí ẹrù, ọkọ òun ni. Onítakisí ní òun kò bá ọkọ ẹnikẹ́ni jà, àga lòun ń wí, búùtù òun sì ti kún. Obìnrin náà ní kó ṣí i kí àwọn rí ohun tó kún inú rẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kí wọ́n tó rí èsì fọ̀ fún ìyẹn, ó ti bẹ́ sínú ọkọ̀, ó ti lọ, àkísà rẹ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọkùnrin orí àga náà wò ó títí tó fi yà ní ìkóríta.

“Kò tanná kó tó yà,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Dírẹ́bà ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè é. Lọ́rì ẹlẹ́rù ló ń wà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó kọṣẹ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ ti wá fún un ní owó gbà-má-bínú, owó náà sì tó ra bọ́ọ̀sì kékeré tí àga onítáyà lè wọ̀, àti àga tuntun tó ń fi bátìrì rìn, bí wọn kò bá ti ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà tó ń ta irú wọn ti kìlọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, iye tí wọ́n ń tà á yóò gbẹ́sẹ̀ sókè, owó ọwọ́ wọn kò sì ní tó mọ́. Òní ló kù.

Wọ́n padà sínú ilé. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ ẹyin díndín tí wọ́n bò sílẹ̀ de Dírẹ́bà. Alágbàtà ilé ni ọkùnrin náà. Mo-Ti-Mọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀. Wọ́n ròyìn onítakisí fún un. Ó ní òun ti mọ̀. Ó fi búrẹ́dì nu àwo, ó ní kí wọ́n má dààmú, òun yóò pọn àna òun sẹ́yìn dé ìdíkọ̀. Ìgbà tó pọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn, inú gọ́tà ni àwọn méjèèjì jókòó sí, Mo-Ti-Mọ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ fà jáde, nítorí òun ló ń pariwo jù.

Ọmọ Dírẹ́bà kan ṣoṣo, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó ti tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nítorí ọjọ́ náà, ló wá mú àbá wá. Ó ní kí Bàbá sinmi sílé. Kí àwọn mẹ́ta yòókù lọ bá wọn yan èyí tó dára jù, òun yóò ya fọ́tò rẹ̀ wá fún wọn wò. Ìyá rẹ̀ ní àbá náà dára, nítorí ìyẹ̀fun tí òun pò ti ń wú, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mo-Ti-Mọ̀ ní àga tó rọ̀ ni àna òun fẹ́. Ìyá ní èyí tó le díẹ̀ ni, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ ní Bàbá fẹ́ràn àwọ̀ búlúù. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì, tó ń gba orí ọkùnrin náà kọjá bíi bọ́ọ̀lù, òun alára sì jókòó láàárín wọn, ó ń wo ojú ẹni tó bá gbá a.

Nígbà tó yá, Dírẹ́bà ní kí wọ́n bá òun pa rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n pa á. Wọ́n rò pé ariwo rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Onídìrí tó ń gbé ní yàrá kejì ni wọ́n pè kó wá bá a jókòó. Ó wọlé tòun ti ìyarun lọ́wọ́, ó béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sọ fún un.

“A kì í fá orí lẹ́yìn olórí o,” ni obìnrin náà wí.

Mo-Ti-Mọ̀ ní orí kọ́ ni àwọn fẹ́ lọ fá, ọkọ̀ ni àwọn fẹ́ rà. Onídìrí ní kò burú. Ó ní òun kàn ń sọ ti iṣẹ́ òun ni, pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣe irun, kò tíì sí oníbàárà tó fi orí rẹ̀ rán ẹnikẹ́ni sí òun, tí òun alára sì jókòó sílé.

Wọ́n lọ.

Ọgbà ńlá ni ilé ìtajà náà. Àwọn ọkọ̀ wà níta nínú oòrùn, àwọn àga wà nínú yàrá onígíláàsì. Ibi tí wọ́n ti ń ta àga fún àwọn tí kò lè rìn, àtẹ̀gùn ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ náà tọ́ka sí i, ó bi obìnrin tó ń tajà léèrè bí àwọn oníbàárà ṣe ń wọlé. Obìnrin náà wo àtẹ̀gùn ọ̀hún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ó ní gbogbo àwọn tó ń wá rajà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọlé.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè. Báwo ni ìdí ẹni tó máa jókòó ṣe fẹ̀ tó? Ọwọ́ wo ló lágbára jù? Báwo ni ẹnu ọ̀nà ilé wọn ṣe fẹ̀ sí? Ó máa ń jókòó pẹ́ tó kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún? Ìyá ní ọwọ́ ọ̀tún ló lágbára. Ọmọ ní ọwọ́ òsì ni. Ìyá ní òun lòun ń sùn ti ọwọ́ náà. Ọmọ ní òun lòun ń gé èékánná rẹ̀. Ohùn wọn ti ń ga kí Mo-Ti-Mọ̀ tó dá sí i. Ó ní òun àti àna òun kò yàtọ̀ ní títóbi, ọ̀rọ̀ kò ju pé kí wọ́n fi òun wọn àga náà.

Ó jókòó sí oríṣiríṣi. Èyí tó wá yàn ga bí ìtẹ́ ọba. Ó ní ìrọ̀rí orí, ó ní iná pupa lẹ́yìn, ó lè na ènìyàn gbalaja, ó sì lè gbé e sókè. Ọkọ̀ tí ọmọ yàn fún bàbá rẹ̀ funfun bí eyín ọmọdé, ó ń dán. Afárá irin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, tí àga yóò gùn wọlé. Mo-Ti-Mọ̀ gùn ún wọlé pẹ̀lú ọlá. Nínú ọkọ̀ náà ló ti wá bọ́tìnnì tí yóò fi rọ̀gbọ̀kú, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbéni sókè ló tẹ̀. Àga náà gbé e tìyìn-tìyìn títí orí rẹ̀ fi kan òrùlé. Ó tún tẹ òmíràn, ìyẹn na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Olùtajà ń pè é láti ìsàlẹ̀ pé kó yọwọ́. Ó ní òun ti mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yọwọ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, fìlà rẹ̀ ti há mọ́ iná òrùlé, orí rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Wọ́n fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n ní kí wọ́n wà á yípo àdúgbò wò. Ìyá àti ọmọ jókòó síwájú, ọ̀rọ̀ ń dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan àfi ariwo táyà. Gíga àga kò bá ti fèrèsé mu. Bó bá wòkè, òrùlé ni. Bó bá wo ẹ̀gbẹ́, ìdí àwọn tó ń rìn lójú títì ló ń rí, ìdí àti bẹ́líìtì àti báàgì, kò rí ojú ẹnì kan. Ó pariwo pé kí wọ́n rọra ní kòtò. Wọ́n rò pé orin ló ń kọ.

Ìgbà tí wọ́n padà dé tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bàbá arúgbó kan tó wá rajà dúró tì wọ́n. Kò kí Mo-Ti-Mọ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn àga ló bi léèrè bóyá ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀, bóyá ó máa ń dá jẹun. Ó wá fi ọwọ́ pa á lórí jẹ́jẹ́, ó ní Ọlọ́run á fún un ní sùúrù. Mo-Ti-Mọ̀ wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti dá ọmọ náà ní ẹsẹ̀ dúró. Ló bá tú bẹ́líìtì, ló bá dìde. Bàbá arúgbó náà fò sẹ́yìn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, ó béèrè bí ọkọ̀ náà ṣe jẹ́, ó sì ní òun fẹ́ irú rẹ̀ fún ìyàwó òun.

Láti ìgbà náà ni Mo-Ti-Mọ̀ ti dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó rí níbi tó jókòó sí. Oòrùn ti ń yí, wọ́n wọlé lọ sídìí kántà, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì ṣí àpamọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, Dírẹ́bà ti sọ fún onídìrí pé kó bá òun ti àga òun dé ẹ̀bá títì. Obìnrin náà kò béèrè ìdí. Bọ́ọ̀sì èrò kan kọjá. Èkejì kọjá. Ẹ̀kẹta ti ń rọra bọ̀, àfi ìgbà tó rí táyà àga náà tó tún kó eré. Onídìrí da èpè lé e, ó sì fi ìyarun júwe ibi tí èpè náà yóò gbà. Nígbà náà ni Dírẹ́bà na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó tún yí i sílẹ̀, bí àwọn onílọ́rì ṣe ń ṣe síra wọn lójú ọ̀nà jíjìn bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Lọ́rì kan tó kó tìmùtìmù dúró. Ẹni tó wà á kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ náà. Ó fi pákó ìkẹ́rù ṣe ọ̀nà, òun àti onídìrí sì ti Dírẹ́bà gòkè. Wọ́n gbé e sáàárín tìmùtìmù bí ẹyin tí a kò fẹ́ kó fọ́.

Fèrè lọ́rì ló pe àwọn ará ilé rẹ̀ jáde kúrò nídìí kántà. Ìyá Oníbúrẹ́dì wo ọkọ rẹ̀ lókè níbẹ̀, ó wo tìmùtìmù, ó wo onídìrí. Ó pa àpamọ́wọ́ rẹ̀ dé.

“Mo gbọ́ pé wọ́n ń ta àga mi níbí,” ni Dírẹ́bà wí.

Pákó onílọ́rì náà ni wọ́n tẹ́ lé orí àtẹ̀gùn kó tó lè wọ yàrá onígíláàsì. Olùtajà mú okùn ìwọ̀n rẹ̀ jáde, ó bi Dírẹ́bà alára ní gbogbo ìbéèrè tó ti bi àwọn yòókù. Lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́, ó ní ọwọ́ ọ̀tún lágbára láàárọ̀, àmọ́ bó bá di ọ̀sán ó máa ń rẹ̀ ẹ́, òsì lòun fi ń ṣe nǹkan. Ìyá àti ọmọ gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wo ẹnìkejì.

Wọ́n fi ìtẹ́ ọba hàn án. Ó yìn ín. Ó ní bó bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn, ibẹ̀ ni yóò máa gbé, nítorí kò ní rí ibi yí padà. Àga kan ló wà ní kọ̀rọ̀, tóóró, aláwọ̀ eérú, tí kò lè gbé ènìyàn sókè, tí kò sì lè tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ìyẹn wá. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ló fẹ́ fi èyí tó rí ráúráú bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ní yóò gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Obìnrin náà ní kí ló ń wá ní ilé ìdáná, níbi tí òun ti ń yan búrẹ́dì, tí àyè kò tó òun nìkan.

Ó ní láti ìgbà tí òun ti jókòó, òun kò tíì mu omi láìpariwo. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bí òùngbẹ bá ń gbẹ òun.

“Mo rò pé ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa pè mí ni,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Orúkọ rẹ dùn lẹ́nu mi,” ni Dírẹ́bà dáhùn. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi.”

Olùtajà yíjú sí ògiri, ó ń to ohun tí kò dàrú.

Wọ́n gbé e lé àga tóóró náà, ó sì fẹ́ fi hàn wọ́n pé òun ti wa ohun tó ju ìyẹn lọ. Ọ̀pá kékeré kan báyìí, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Dírẹ́bà dì í mú bí ẹni tó ń fa jíà lọ́rì lórí òkè. Àga náà fò síwájú, ó kọ lu òkìtì táyà. Ó fà á sẹ́yìn, ó gba Mo-Ti-Mọ̀ ní ojúgun. Ó tún gbìyànjú, ó ń yí po lójú kan bí òkòtó, onílọ́rì àti onídìrí sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ rẹ̀ ló súnmọ́ ọn. Bàbá yìí ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, igbe rẹ̀ ló sì fi kọ́ ọ. Gbogbo ènìyàn ń retí igbe. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ bàbá rẹ̀.

“Ẹ rọra, Bàbá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Ó rọra. Àga náà rìn lọ síwájú bí ẹni tó ń lọ kí àgbà. Ó yí i, ó mú un bọ̀, òógùn sì bò ó níwájú orí. Kò sọ pé kò le.

Ó ku ọkọ̀. Wọ́n mú un lọ sídìí funfun tó ń dán. Ó bi wọ́n ibi tí òun yóò máa jókòó sí. Olùtajà fi ẹ̀yìn hàn án. Dírẹ́bà wo ibẹ̀, ó sì ti fẹ́ gbà, nítorí ó rí i pé ọkọ̀ náà wu ọmọ rẹ̀. Ẹni tó fọhùn ni Mo-Ti-Mọ̀, tí kò tíì fọhùn láti ọ̀sán.

“Ẹ má jẹ́ kó wà níbẹ̀ yẹn,” ló wí. “Ìdí ènìyàn nìkan ni mo rí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà wo àna rẹ̀ pẹ́. Ó wá sọ fún olùtajà pé láti ìgbà tí òun ti mọ ọkọ̀, iwájú lòun ń jókòó, ẹrù ni wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn.

Olùtajà ní ọ̀kan wà o. Wọ́n ti yọ àga ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà nínú rẹ̀, àga onítáyà lè dúró níbẹ̀ dáadáa. Nítorí pé àwọn ìdílé tó ń wá kì í fẹ́ràn rẹ̀ ni òun kò ṣe fi hàn wọ́n. Ó mú wọn lọ sẹ́yìn ọgbà. Ọkọ̀ àwọn dókítà eléyín ni nígbà kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, afárá rẹ̀ kò dún, ṣùgbọ́n eyín ńlá kan ni wọ́n kùn sára rẹ̀, eyín tó lójú, tó lẹ́sẹ̀, tó di búrọ́ọ̀ṣì mú, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Owó tó kù kò sì lè tún un kùn.

Ọmọ náà ní òun kò lè gbé e dé iwájú báńkì. Ìyá ní àwọn oníbàárà òun yóò rò pé búrẹ́dì òun ló ba eyín jẹ́. Dírẹ́bà béèrè bóyá eyín náà máa ń bu ènìyàn jẹ. Ọmọ ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, òun ni yóò máa wà á, òun ni ojú yóò máa tì. Bàbá rẹ̀ gbà pé òótọ́ ni. Ó ní bó bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé báńkì, kó máa dá ọkọ̀ náà dúró ní ìkóríta, òun yóò fi àga òun rin ìyókù. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ ọ̀nà tó yá ni.

Ọmọ náà wolẹ̀. Ó yí bàtà rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí olùtajà, ó gba kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n ń lọ sílé. Onídìrí àti Mo-Ti-Mọ̀ àti Ìyá wà lẹ́yìn, Dírẹ́bà wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ń bá a wo dígí, ó ń bá a tẹ bíréèkì tí kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń tọ́ka sí eyín náà. Ní ìkóríta kan, iná pupa dá wọn dúró. Ọkùnrin kan nínú aṣọ iṣẹ́ sáré wá láti ẹ̀bá títì, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú mú. Kò wo ọmọ tó di sítíárìn mú. Kò wo àwọn tó wà lẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ Dírẹ́bà ló wá tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí fèrèsé, ojú rẹ̀ sì ko ojú ẹni tó jókòó.

“Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. N kò sùn láti ìjẹta.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti la ẹnu láti dáhùn, bó ti máa ń dáhùn fún un. Ó tún pa á dé. Dírẹ́bà kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, bí ẹni tí kò dá lójú pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ó ní òun kọ́ ni dókítà, dírẹ́bà lòun. Ọkùnrin náà wo sítíárìn lọ́wọ́ ọmọ, ó wo ọwọ́ ẹni tó ní dírẹ́bà lòun tí kò di nǹkan kan mú, ṣùgbọ́n eyín kò jẹ́ kó lè jiyàn.

“Gba ẹ̀yìn wọlé,” ni Dírẹ́bà wí. “A ó gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà.”

Mo-Ti-Mọ̀ sún fún un, ó sì ní òun ti mọ èyí tó ń dùn ún. Nígbà tí iná yí padà, Dírẹ́bà nawọ́ sí apá òsì, ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ìyá ní apá ọ̀tún ló yá jù. Onídìrí ní kí wọ́n máa lọ tààrà. Ọmọ náà kò dá sí wọn. Apá òsì ló yà sí.